Ìgbà Tí Mo Bá Fúyẹ́

Inú ń bí mi. Kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀la pé ohùn mi le jù. Bí mo bá ń dirun fún oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, inú ń bí mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, inú ń bí mi. Àbúrò mi ló fà á, àbúrò mi kan ṣoṣo, ẹni tí mi ò lè rí ti ẹlòmíì rò bí tiẹ̀ bá wà nílẹ̀.

Mo ti gbọ́njú dáadáa kí wọ́n tó bí i. Ìyá wa máa ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, èmi ni mo sì ń pọ̀n ọ́n. Ọmọ náà ki pọ́pọ́. Ẹran itan rẹ̀ nìkan, èèyàn lè ki ìka bọ àárín rẹ̀ kó má rí i mọ́. Bí mo bá gbé e jáde, gbogbo àdúgbò ló ń dá mi dúró. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ọmọ yìí mọ oúnjẹ jẹ. Ẹ̀yìn á máa ro mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pọ̀n ọ́n. Ìyá wa máa ń sọ pé ọmọ náà máa tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, mo ní kó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ bó bá wù ú.

Ìgbà tó wá di ọmọge, ẹnu kan náà tó ń yìn ín ló wá ń bú u. Ara tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ mi láti gbé ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí wọ́n lè rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ń kọjá, ẹnìkan á ní kó rọra tẹlẹ̀, pé ilẹ̀ náà lẹ́mìí. Òun gan-an ló sì máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán kí wọ́n jẹ́ kóun lọ ni. Ìyá wa rí bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí ìyá wa rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo gbẹ yìí, bàbá wa ni mo jọ. Àbúrò mi kò jí ara ẹnikẹ́ni wọ̀.

Láti ìgbà yẹn ló ti dẹ́kun wíwo ara rẹ̀. Inú òkùnkùn ló ti ń wẹ̀, á ní iná ń yọ òun lójú. Dígí tó wà nínú yàrá rẹ̀ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, ojú nìkan ló ń fi wò. Ó lọ́kọ, ọkọ ọ̀hún sì fẹ́ràn rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, síbẹ̀ ọkùnrin yẹn sọ fún mi rí pé òun ò mọ bí ẹ̀yìn ìyàwó òun ṣe rí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò tọ́jú ara náà. Eyín ń dùn ún, kò lọ fi hàn ẹnikẹ́ni. Bàtà rẹ̀ há, ó tẹ ẹ̀yìn bàtà náà mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ ọ kiri. Kọ́mú rẹ̀ já, ó fi píìnì dè é, píìnì yẹn á sì máa gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ra tuntun fún un, èyí tó bá a mu rẹ́gí. Ó wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ó ká a padà sínú báàgì, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fúyẹ́ ná."

Ìgbà tí mo bá fúyẹ́. Ohun gbogbo ló ń dúró de ìgbà yẹn. Ìgbà tó bá fúyẹ́ lá ra bàtà. Ìgbà tó bá fúyẹ́ lá máa rìn láàárọ̀, torí báyìí àwọn èèyàn á máa wò ó. Ìgbà tó bá fúyẹ́ lá ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọ̀hún sì ti dàgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú míì, kò sí fọ́tò àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá bá a wí, á ní kí lòún fẹ́ máa kun ilé tóun fẹ́ wó sí.

Ilé ìfọṣọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Yàrá gígùn ni, fèrèsé rẹ̀ ga sókè pátápátá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọṣọ wà lápá kan, tábìlì tí wọ́n ti ń lọṣọ wà lápá kejì, ooru ibẹ̀ kì í sì í kúrò látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Màmá Áyọ́ọ̀nù. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń dúró ni. Bó bá lọ aṣọ tán, á gbé e kọ́, á wá fi láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó látòkè délẹ̀ kí eruku má baà kàn án. Láílọ́ọ̀nù yẹn wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó kàn ń fà á ni, ó ń gé e. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù yẹn sọ́kàn, òun ló bà wá láyé jẹ́.

Òṣùwọ̀n kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, tí wọ́n ń gbé ẹrù aṣọ lé kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé a kì í wọn aṣọ tútù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó tutù máa wúwo ju bó ṣe yẹ lọ; sá a, kó gbẹ, á fúyẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà sì ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo fà á lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì kan fi nǹkan di apá rẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ó rọra bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kó máa lo oògùn kan lójoojúmọ́, kó dín iyọ̀ kù, kó máa mu omi, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi torí ara kì í ṣe igi, kó sì máa wá kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì yẹn ò sọ fún un pé kó lọ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo wà níbẹ̀, etí mi kò di. Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò mi gbọ́ ni pé, "O ti sanra jù."

Ó lo oògùn tí wọ́n fún un tán. Ìgbà tó fẹ́ lọ gba òmíì, kò mú mi dání. Ní ilé ìwòsàn yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òṣùwọ̀n wọn wà, níbi tí gbogbo èèyàn jókòó sí lórí bẹ́ńṣì. Ẹnìkan á ní kó o gun òṣùwọ̀n, á wo nọ́ńbà, á wá ké e sókè fún ẹnì kejì tó ń kọ ọ́ nídìí fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn nìyẹn, kò sí ìkà níbẹ̀. Àbúrò mi jókòó, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké tàwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó kàn án, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Bí mo bá bi í léèrè oògùn, á ní òun máa lọ gbà á. Ìgbà wo? "Ìgbà tí mo bá fúyẹ́ díẹ̀, Àǹtí mi. Kí nọ́ńbà yẹn ṣeé gbọ́ sétí." Ẹ gbà mí. Ilé èèyàn ń jó, ó ní kóun kọ́kọ́ gbálẹ̀ kí àwọn panápaná tó wọlé.

Ibẹ̀ ni láílọ́ọ̀nù ti wọ ọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ funfun níbi iṣẹ́ wọn ló sọ fún un pé ohun tó ń mú èèyàn wúwo kò ju omi lọ, ṣebí gbogbo wọn ń rí i lára bùláńkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin yẹn ò gbèrò ibi, ó rò pé òun ń ran ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́ ni. Àbúrò mi bá gé láílọ́ọ̀nù, ó fi wé ikùn, ó fi wé itan, ó fi wé apá, ó wọ aṣọ iṣẹ́ lé e. Ó wá dúró ti áyọ́ọ̀nù nínú ooru yẹn látàárọ̀. Kò mu omi, torí aṣọ téèyàn sá, a kì í tún da omi sí i. Nírọ̀lẹ́, bí ọ̀gá wọn bá ti lọ, á gun òṣùwọ̀n ẹrù. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, òógùn tó làágùn kúrò ní kékeré. Bó bá délé tó mu omi, tó jẹun, á tún padà síbi tó wà. Ó wá gbà pé oúnjẹ ló ń ba iṣẹ́ òun jẹ́, ló bá tún dín oúnjẹ kù.

Ìró rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ó wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe fìdí kanlẹ̀, ara rẹ̀ dún ṣaraṣara. Mo ní kí ló ń dún, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo fà á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo ká aṣọ rẹ̀ sókè. Awọ ara rẹ̀ ti bó lábẹ́ ọmú, ó pọ́n, ó ń ṣomi. Mo ní, "Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ìbéèrè òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

"Ẹ má pariwo," ó ní. "Ó ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló ń ṣiṣẹ́? Ikú ló ń ṣiṣẹ́?"

"Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Lọ gba oògùn rẹ. Tọ́jú egbò yìí. Mu omi."

"Ara tí mo kórìíra, kí ni mo fẹ́ tọ́jú níbẹ̀?"

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Mo fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé irun gé láílọ́ọ̀nù yẹn kúrò, mo fi oògùn pa ibi tó bó. Mo ní màá sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn, màá bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n má ké nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Ó ní ó dáa. Àṣé etí ikún ló kọ sí mi, ó dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún wé e padà.

Ọ̀sán ni ọ̀gá wọn pè mí, kí ọjọ́ tí a jọ fi àdéhùn sí láti lọ sí ilé ìwòsàn tó pé. Ó ní Màmá Áyọ́ọ̀nù ṣubú nídìí tábìlì. Mo fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irun ìdajì orí, mo sáré. Ìgbà tí mo débẹ̀, ó wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ há sábẹ́ ara rẹ̀, kò sì mọ̀. Obìnrin tó ń fọ aṣọ funfun ń fi eyín já láílọ́ọ̀nù lára rẹ̀, ó ń sunkún. Mi ò bú u. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n wá ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí pawọ́ pọ̀ gbé e, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ pé, "Ó mà wúwo o." Ojú àbúrò mi là sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó wá rọra pa ojú náà dé.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì lè padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má gbójú lé ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní àìmu omi ti fìyà jẹ kíndìnrín rẹ̀ náà. Ó ní kó máa lo oògùn lójoojúmọ́, kò gbọ́dọ̀ fò ó, torí bí irú èyí bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní dìde. Àbúrò mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sì pa ẹnu dé.

Bí mo ṣe wí i yẹn náà ni. Bí wọ́n bá mú oògùn wá, á ti ẹnu pa. Bí mo bá fi ṣíbí la ẹnu náà, oògùn á gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó wọ́ jáde. Wọ́n ní kó sọ ohun tó ń ṣe é, ó yí ojú sí ògiri. Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Lójoojúmọ́ làwọn òṣìṣẹ́ máa ń wá yí i padà kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, wọ́n á sì máa pe ara wọn, "Ẹ wá bá wa di màmá yìí mú, ọwọ́ wa ò ká wọn." Wọn ò bú u, ẹ̀yìn ló ń ro wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún ojú èèyàn ni wọ́n tú síhòòhò láàárín wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń yí. Ó fẹ́ kú. Kí n má purọ́ fún yín, ó fẹ́ kú, ó sì ti rí ọ̀nà tí kò ní ariwo nínú.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ wá, ó sunkún, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ gba oògùn kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ ṣe padà síbi iṣẹ́, ó tún ti ẹnu pa. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ dípò fúngbà díẹ̀, wọ́n ní a ò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ohun tí gbogbo èèyàn ń fi tù mí nínú nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni mò ń wò. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Bí àwọn oníbàárà bá pè mí, mo ní kí wọ́n lọ fá a.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Mo gbé e wá sí yàrá mi, mo tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ fún ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Lọ́jọ́ kan, mo fi oògùn sí i lẹ́nu, ó tu ú sí mi láyà. Mo ju ṣíbí mọ́lẹ̀.

"Ta ló ni ara yìí?" Mo bi í bẹ́ẹ̀. "Mo ní ta ló ni ín? O rò pé ìwọ nìkan lo ni ín ni? Mo ti ń gbé e kí ìwọ tó mọ orúkọ ara rẹ. Ó wúwo nígbà yẹn náà. Ó wúwo, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí bí mo bá ti mọ ìwúwo yẹn lẹ́yìn mi, ọkàn mi á balẹ̀ pé o wà níbẹ̀. Ta ló wá sọ fún ọ pé ó ti di ohun tí wọ́n ń dà nù? Dárúkọ rẹ̀ fún mi, kí n lọ bá a nílé." Ibẹ̀ ni mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mi ò sunkún níwájú rẹ̀ rí.

Ó wò mí. Ẹ má rò pé ó ya ẹnu lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tọ́jú aláìsàn rí. Ó pajú dé. Ọjọ́ yẹn lọ láìsí oògùn, èmi náà sì jókòó tì í, mò ń fetí sí èémí rẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ó ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo wẹ̀ ẹ́, mo nù ún gbẹ, títí dé àárín ìka ẹsẹ̀. Mo ṣí ìpara kí n fi pa á lára, ó na ọwọ́ òsì. Mo rò pé omi ló fẹ́. Ó mi orí, ó tọ́ka sí ìpara. Mo bù ú sí i lọ́wọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara pa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó ń wọ́ ọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó pa gbogbo ibi tí ẹran ti ká léra, ó pa ìgúnpá, ó ń la ìka náà níkọ̀ọ̀kan kó lè pa àárín wọn. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Láti ìgbà tó ti di ọmọge, mi ò rí i kó wo ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò mọ̀," ó sọ, ọ̀rọ̀ náà ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní kí ni kò mọ̀.

"Ọwọ́. Kò mọ̀... pé mò ń pa á." Ó sinmi, ó tún ń pa á lọ. "Kò ṣẹ̀ mí, Àǹtí mi. Gbogbo ìgbà yẹn... kò ṣẹ̀ mí."

Ọwọ́ tí wọ́n ti ní ká má gbójú lé ni, òun náà sì gbọ́ lẹ́nu dókítà. Mo tún bu ìpara díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ìgbà tó pa á tán, ó gbé ọwọ́ náà lé ikùn rẹ̀, ó fa aṣọ bò ó kí òtútù má baà mú un.

"Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú ẹ̀," ó ní. "Bó ṣe rí."

Ó ya ẹnu. Mo mú oògùn, omijé ò jẹ́ kí n rí ibi tí mò ń fi í sí. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ìpara ṣì wà lára rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó sì darí rẹ̀ sí ẹnu ara rẹ̀.